Ajá Tó Sọ̀rọ̀ Kò Jẹ̀bi

Ẹjọ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ẹ fi sùúrù gbọ́ tẹnu mi, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ sì ti gbọ́ ti ẹnìkejì.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, mo ka ewì kan. "Tiwani" ni àkọlé rẹ̀. Ajá kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ewì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa èkúté tó ti gbalé lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí ẹ̀rín fi sọ. Kí n tó jókòó, ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní: "Àbúrò, ewì la ní kó o kọ, o lọ kọ àlọ́. Àwa ń wá ọ̀rọ̀ tó le, ìwọ ń bá ajá sọ̀rọ̀. A ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́." Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ Bayọ́lọ́jì náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ajá kì í sọ̀rọ̀, ajá kì í sì í ṣe iṣẹ́ eku. Ológbò ló yẹ kó o fi síbẹ̀." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ojú ń tì mí. Nígbà tí mo délé, mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo ń rín gan-an?

Èsì mi rèé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ariwo borí ọ̀rọ̀.

Èkíní, ta ló ní ajá kì í sọ̀rọ̀? Bí òyìnbó bá sọ bẹ́ẹ̀, mo lè gbà fún un. Ṣé ọmọ Yorùbá ló yẹ kó sọ ọ́? Kí Bingo àti Jack tó gba ìgboro, àwọn bàbá wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Òwe ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tí aládùúgbò bá ṣẹ̀, tí kò sì fẹ́ jà, á lọ mú ọmọ ajá kan, á sọ ọ́ ní Ojúlarí tàbí Ṣebótimọ. Ó parí. Lálaalẹ́ ni yóò máa dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ojúlarí! Ojúlarí ò! Wá jẹun!" Ajá á gbọ́, á sáré wá jẹun. Aládùúgbò náà á gbọ́, òkèlè ò ní lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Kò sì lè bínú, torí ta ni wọ́n bá wí? Ajá ni wọ́n pè. Ẹ wá sọ fún mi pé ajá yẹn kò sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹnu èèyàn kò lè sọ láì dájà sílẹ̀, ajá ti bá wa sọ ọ́ láti ayébáyé.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sínú àlọ́ tí ẹ ní a ti kúrò níbẹ̀. Nígbà ìyàn, tí gbogbo ẹranko gbìmọ̀ pé kí oníkálukú máa pa ìyá rẹ̀ jẹ, ta ló gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́ sójú ọ̀run? Ajá ni. Nígbà tí òun àti Ìjàpá lọ jí iṣu nínú oko olóko, ta ló mú ìwọ̀nba tó lè gbé, tó ní kí Ìjàpá jẹ́ kí àwọn máa lọ? Ajá náà ni. Olè ni, mi ò ní kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó tó. Àwọn tó pa àlọ́ wọ̀nyẹn mọ ìdí tí wọ́n fi yan ajá. Ààrin wa ló ń gbé, ó ń jẹ àjẹkù wa, ó ń rí gbogbo ohun tí à ń ṣe lẹ́yìnkùlé. Ta ló tún lè jẹ́rìí sí wa jù ú lọ?

Ẹ̀kejì, ẹ ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Abẹ́òkúta la wà yìí o. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí Amos Tutuola ní 1920. Nígbà tí ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London ní 1952, àwọn àjèjì ń yìn ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ni ojú ń tì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, wọ́n ní àlọ́ ìyá àgbà ló kó jọ, wọ́n ní òyìnbó á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Agbárí tó ń yá ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó lè di arẹwà ọkùnrin wà nínú ìwé náà. Bó bá jẹ́ ìpàdé tiwa ló ti kà á, ṣé ẹ ò ní ní kó jókòó? Lónìí, ìwé náà ṣì wà lórí àtẹ. Orúkọ àwọn tó rẹ́rìn-ín dà? Fágúnwà ti ṣáájú rẹ̀ ní 1938 pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, níbi tí ohun tí kì í ṣe èèyàn ti ń fọ̀ bí èèyàn. Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, Wọlé Ṣóyínká, ló sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 kò rò pé ó rẹ òun sílẹ̀ láti jókòó ti iwin àti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a kò tíì kọ ìwé kankan la ti dàgbà jù ú lọ, àbí?

Ẹ̀kẹta ni ti ológbò. Ọ̀rẹ́ mi oní-Bayọ́lọ́jì, mo gbà pé ológbò ń pa eku. Bí kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́nà àkọ́kọ́, béèrè lọ́wọ́ ọdẹ kó sọ fún ẹ ẹni tó ń wú òkété jáde nínú ihò. Lọ́nà kejì, ronú sí iṣẹ́ ológbò dáadáa. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Bí eku bá tán, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ológbò á pa ọ̀kan lónìí, á pa méjì lọ́la, kò sì ní sọ ibi tí wọ́n ti ń wá fún ẹ láé. Irú ológbò bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí, a ń pè wọ́n ní kọńgílá, a ń pè wọ́n ní olóṣèlú. Iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ wọn torí wọn ò fẹ́ kó tán. Ajá ní tirẹ̀ kò rí èrè kankan nínú eku. Òun ló lè sọ òtítọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìlà wọ̀nyí tí ẹ fi rẹ́rìn-ín:

Ẹ ní kí n pa eku, mo gbọ́.
Ta ni n ó kọ́kọ́ gé jẹ?
Ṣé èkúté tó wá jẹun ni,
àbí ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un?
Mo mọ òórùn ọwọ́ yín, ẹ̀yin èèyàn mi.
Òórùn náà ni mo gbọ́ lórí ààtàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ewì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ajá yìí ti wá.

Ọ̀nà Adátán ni mo ń gbé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la pọ̀ jù nínú ilé mẹ́fà tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sáàárín àwọn àpáta, ààtàn kan wà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ da ìdọ̀tí síbẹ̀. Àwọn tó yẹ kó máa kó o kì í wọ òpópónà wa, wọ́n ní ọkọ̀ ò lè kọjá. Ni ààtàn bá ń ga. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba ńlá wa sá sí ní 1830 tí ogun ò fi rí wọn gbé ṣe. Èkúté náà ti rí abẹ́ òkúta tirẹ̀, ó sì ti tẹ ìlú dó síbẹ̀.

Wọ́n jẹ gààrí, wọ́n jẹ ọṣẹ. Wọ́n jẹ ìwé fonọ́lọ́jì mi láti ojú ewé kìíní títí dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìpajẹ, bóyá ó ti yé wọn jù mí lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́rìn-ín. Ìyá aláàmàlà tó wà níwájú ilé ní ọmọ oṣù méje. Èkúté jẹ ẹ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ lóru, ó ń jẹ ẹ́, ó ń fẹ́ ẹ bí ìṣe rẹ̀, ọmọ ò tètè jí.

Bàbá onílé wa pe ìpàdé. Ó ní ká jọ kó ààtàn náà. Ilé kìíní ní kì í ṣe tàwọn. Ilé kejì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dà á. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ayálégbé ni wá, ọdún méjì péré la máa lò. Bàbá ní, "Tiwa ni." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá lọ mú ọmọ ajá kan wálé, dúdú, àyà rẹ̀ funfun. Ó sọ ọ́ ní Tiwani.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Bàbá á lọ dúró síbi ààtàn, á máa ké: "Tiwani! Tiwani ò!" A mọ ohun tó ń sọ. A ń gbọ́ ọ, a ń ti fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé torí ìwé fonọ́lọ́jì ni mo ṣe ń pariwo. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, orúkọ ìlú náà ló sì ń jẹ́ títí dòní. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ti tó. Nínú èèyàn 10 tó bá kó o, bíi 8 ni kò ní ṣàìsàn tó le, wọ́n lè má tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn kó o. Àwọn yòókù ló ń bá a dé ojú ikú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tó wọ ara kó tó fara hàn. Kò jìnnà sí wa. Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo wà lára àwọn ibi tí ilé ìwòsàn ti ń bá a jà lọ́dọọdún. Ní 2020 nìkan, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà ju 1,000 lọ.

Àwa Ẹ̀gbá wá ni ọlọ́fún. Lórí àpáta ni à ń sá ẹ̀gẹ́ wa sí, lójú ọ̀nà ni à ń sá a sí, òòrùn á pa á, òru á bá a níbẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ ọ lóru? Bí ààtàn bá wà nítòsí ibi tí a ń sá a sí, àwa àti èkúté ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Ohun tí a fi ṣe ìdáhùn ni oògùn. Ẹ mọ àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi dichlorvos ṣe, torí ẹ̀mí tó ń bá a lọ. Èyí tí a rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kiri yẹn, ìgò rẹ̀ kò tilẹ̀ ní orúkọ lára. Yàrá kọ̀ọ̀kan dá ₦500. Èmi ni wọ́n fi ṣe akápò. Èmi ni mo lọ ra ẹja ṣàwá. Èmi ni mo po oògùn mọ́ ọn, tí mo gbé e sídìí ààtàn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bàbá kò sí nílé, ó lọ síbi òkú ní Ìbarà. A kò dúró dè é. A kò sì rántí ajá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, èkúté méjì ló kú. Tiwani nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìfòfó lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe dúró tí mo ń wò ó, èkúté kẹta rọra gba iwájú orí rẹ̀ kọjá, ó wọlé rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó ní ẹnu láti sọ fún Bàbá. A sin ajá náà kó tó dé. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá jáde bí ìṣe rẹ̀. "Tiwani! Tiwani ò!" Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó lọ dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bàbá wò mí, ó ní: "Ajá ti kú. Ààtàn ńkọ́?"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ibẹ̀ ni ewì mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo fún ajá lóhùn torí èmi ni mo gba ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má jẹ́ kí ajá sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń sọ fún mi pé kí n tún un pa lẹ́ẹ̀kejì.

Ààtàn náà ṣì wà ńbẹ̀. A ti pa eku, eku tún ti dé. Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ gọ̀ báyìí. Ní Hanoi, ní 1902, nígbà tí àwọn Faransé ń jọba lé Vietnam lórí, ìjọba ní ẹni tó bá mú ìrù eku wá á gbowó. Ìrù ń wọlé rẹpẹtẹ, eku ò dín. Ìgbà tó yá, wọ́n rí eku tí kò nírù tó ń rìn kiri: àwọn èèyàn ń gé ìrù, wọ́n ń tú eku sílẹ̀ kó lè lọ bímọ sí i. Ní Èkó, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ̀lú ní 1924, àwọn náà pa eku títí. Kó tó di 1928 tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀, ó ti yé wọn pé ibi tí eku ń gbé ló yẹ kí àwọn tún ṣe. Mi ò ní gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn ṣe ló dáa. Nígbà tó yá, ó lé ọ̀pọ̀ tálákà kúrò nílé baba wọn. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ yé wọn.

Ẹni tó bá sì ní ẹranko ò ní ohun tó lè sọ fún èèyàn, kó lọ béèrè Magawa. Òkété ni Magawa. Ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Cambodia, ó ń fi imú wá àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Bó bá ti fi èékánná ha ilẹ̀ báyìí, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ á dúró, wọ́n á wà á jáde. Ó rí ju 70 lọ kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi ẹ̀yẹ wúrà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá ní 2020. Ó kú ní 2022. Òkété ha ilẹ̀, èèyàn gbọ́. Níbí, ajá ń gbó, a ò gbọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ìjọba ńkọ́? Òótọ́ ni, ìjọba jẹ̀bi. Ewì mọ́kànlá ni a kà lọ́jọ́ náà, mẹ́sàn-án ló bú ìjọba. Mo fara mọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka èyí tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún jù lọ, ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Mo ti rí i lóru tó ń ju ọ̀rá indomie àti àjẹkù ìrẹsì gba orí ògiri. Òun náà ti rí mi. A kí ara wa. Ìjọba kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa méjì péré ni, àti ajá kan tó ń wò wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń wá ọ̀rọ̀ tó le. Ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, ó di ìwàásù, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ajá, ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa, ó kéré tán ẹ gbọ́ ọ.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, èmi àti Bàbá á wà níbi ààtàn náà pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí a háyà. Ẹni tó bá ní ewì mi ò dáa, kó wá, ká jọ máa jiyàn níbẹ̀ bí a ṣe ń kó o. Ẹni tí kò bá lè wá, bó bá di ìrọ̀lẹ́, kó ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ò tíì mú ajá mìíràn, síbẹ̀ ó ṣì ń jáde wá pè é. Èmi ni mo ń dá a lóhùn báyìí. Bó bá ti ké "Tiwani ò," èmi náà á ké látinú yàrá mi: tiwa ni, Bàbá. Tiwa ni.